Ohun Tí Kò Sí Nínú Àkọsílẹ̀

Yìnyín ṣì kù lẹ́yìn ilé-ìkàwé ní Guelph,
ó ti dúdú bí aṣọ mẹkáníìkì,
nígbà tí àwọn ọmọ mẹ́ta wọ yàrá mi
pẹ̀lú báàgì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà,
tíkẹ́ẹ̀tì iye owó ṣì ń mì lára síìpù.

Corwin ń lọ sí Peru, nídìí ọ̀dùnkún orí òkè.
Tavleen ń lọ sí Nepal, ó fẹ́ wọn omi odò.
Annick (ẹ gbọ́ ná)
Annick ń lọ sí Ṣakí.

Mo ka àkọsílẹ̀ fún wọn bí mo ṣe ń kà á lọ́dọọdún:
abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀.
Oògùn ibà, ẹ gbé e mì kí ẹ tó kúrò nílé,
kì í ṣe ìgbà tí ẹ̀fọn bá jẹun tán.
Nọ́ńbà ọ́fíìsì: bí àyà yín bá já lóru, ẹ pè,
ẹ má wò ó pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ níbí.
Ìwé ìyọ̀ǹda: ẹni tí ẹ fẹ́ bi léèrè ọ̀rọ̀
gbọ́dọ̀ tẹ̀ka kó tó dáhùn.

Annick nawọ́. "Bó bá ní òun ò tẹ̀ka ńkọ́?"
Mo ní, pa ìwé dé, kí o jókòó.
Àgbàlagbà tí kò fẹ́ tẹ̀ka
lè ti rí i tí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ bá ìtẹ̀ka lọ.
Má sọ pé o wá ràn wọ́n lọ́wọ́.
Sọ pé o wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ọkà bàbà ti gbó.
Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, bá wọn rín in;
ìwọ ni wọ́n ń rín, kò ní pa ọ́ lára.

A ṣe ìdánrawò. Èmi ọkùnrin onírùngbọ̀n
di ìyá àgbà lórí àga onírin,
Annick kúnlẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì:
"Ẹ káàárọ̀, mà." Aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù.
Mo ní, "Tún un kí. Òòrùn ni kó o wò, má wo ẹnu mi."
"Ẹ káàsán, mà. Ẹ kú iṣẹ́ oko."
Ohùn rẹ̀ ń wọ́ bí ẹni wọ bàtà ẹlòmíràn,
síbẹ̀ mo ti dáhùn kí n tó mọ̀:
"Oò, ọmọ mi. Ilé ńkọ́?"

Ilé ńkọ́.
Ó di ọdún méje.
Ìwé mi wà ní Ottawa, lórí tábìlì ẹni tí n ò mọ̀;
físà Annick ò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.
Ó máa tẹ erùpẹ̀ tí mò ń tẹ̀ lójú àlá.
Páànù tuntun tí mo fowó rẹ̀ ránṣẹ́,
ó lè gbọ́ òjò lórí rẹ̀ kí èmi tó gbọ́ ọ.
Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran.
Èmi tí mo fojú sílẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́,
tí mo wá ń fi fóònù wòran?

Ó ń yún mi lẹ́nu: tó o bá sọ̀ ní gáréèjì, yà sósì,
ilé tí wọ́n kun ìdajì rẹ̀,
béèrè Ìyá Múdàṣírù.
Ṣùgbọ́n òfin tí èmi fúnra mi tẹ̀ wà níwájú wa:
akẹ́kọ̀ọ́ kì í jẹ́ iṣẹ́, kì í gbé ẹrù, fún ẹnikẹ́ni.
Ìlà kẹsàn-án. Mo fi yíǹkì pupa fàlà sí i nídìí.

Wọ́n dìde. Annick padà láti ẹnu ọ̀nà,
ó ní, "Ṣé kò sí ohun tó ṣẹ́ kù?"
Mo wo ìlà kẹsàn-án. Mo wo bàtà rẹ̀.
Mo ní, "Bí òjò bá rọ̀,
dúró díẹ̀ lábẹ́ páànù ẹnikẹ́ni.
Má gbà á sórí ẹ̀rọ. Ṣáà gbọ́ ọ."

Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé: òjò, páànù.